Bàtà Tí Wọ́n Rà fún Sójà

Ẹni tó bá mọ ilé-àlejò yẹn tẹ́lẹ̀ kò ní gbà pé ilé kan náà nìyí. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, gbogbo fèrèsé ló kọjú sí òkun, bí àsìkò ìsinmi bá sì ti dé, èèyàn ò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Àwọn ará òkè òkun ló ń wọ́ wá. Wọ́n á sùn, wọ́n á yá oòrùn títí ara wọn á fi pọ́n bí ata, wọ́n á sì ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ lẹ́ẹ̀míì. Ìyá Àlejò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó ni ilé náà. Òun fúnra ẹ̀ ti gbàgbé ìgbà tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ gan-an kẹ́yìn.

Lónìí ńkọ́? Eruku ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn kan ni wọ́n pa ládùúgbò náà, ẹyọ kan, láti ọjọ́ tí wọ́n ti la títì iwájú ilé náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹ̀mí kan kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé tẹlifíṣọ̀n òkè òkun gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbé e títí, wọ́n fi etíkun hàn, wọ́n fi ọlọ́pàá hàn, wọ́n wá kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n jìnnà síbẹ̀. Ṣé wọn kì í pa èèyàn nílùú tiwọn ni? Kí oṣù tó parí, gbogbo àwọn tó ti gba yàrá sílẹ̀ ló ní àwọn ò wá mọ́. Àwọn tó fẹ́ ra ilé fà sẹ́yìn. Ògiri títì náà wá kún fún "Ilé yìí wà fún títà", ẹnikẹ́ni ò sì dúró kà á.

Ẹni tí wọ́n pa ni Sójà, tó ń ṣọ́ géètì Ìyá Àlejò. Kò ṣe sójà rí láyé ẹ̀. Bó ṣe máa ń kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fọwọ́ kan iwájú orí kí àlejò, ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin méjì lórí alùpùpù fẹ́ já báàgì obìnrin àlejò kan gbà lẹ́nu géètì. Sójà di okùn báàgì náà mú, kò sì fi sílẹ̀. Wọ́n gún un lọ́bẹ. Báàgì ò lọ síbì kankan. Obìnrin náà gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń sunkún, kò sì wẹ̀yìn.

Tẹlifíṣọ̀n ò dárúkọ Sójà, wọn ò sì dárúkọ títì. Ìyẹn ló fún irọ́ láyè. Tọkọtaya àgbàlagbà kan wà, ará òkè òkun, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àwọn á ra ilé náà, pé Ìyá Àlejò ni á ṣì máa bójú tó o, òṣìṣẹ́ kankan ò sì ní kúrò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn, ìyàwó pè é lórí fóònù.

"Ṣé ìtòsí yín ni?"

Ìyá Àlejò, tí omijé ojú ẹ̀ ò tíì gbẹ, gbọ́ ohùn ara ẹ̀ tó ń dáhùn pé, "Rárá o, ó jìnnà sí wa. Òdì kejì ìlú ni." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Irọ́ ti jáde, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é padà.

Kò sì fẹ́ pè é padà náà, ká sòótọ́. Bí àwọn wọ̀nyí ò bá ra ilé yìí, á ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, á sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin nílùú ńlá, níbi tí ìyàwó ọmọ ti máa ń pa iná mọ́ ọn lórí kó tó ṣe àmín àdúrà alẹ́. Ó ti gbé níbẹ̀ díẹ̀ rí, ojú ẹ̀ rí tó. Alásè ti wá iṣẹ́ míì lọ. Ẹni kan ṣoṣo tó kù ni alágbàfọ̀, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń tẹ́ ẹ fún àlejò tí kò wá. Alágbàfọ̀ yìí ni ìyàwó Sójà. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, bí wọ́n bá sì ti ilé náà pa, ìta ló kù fún wọn.

Ìgbà tí tọkọtaya náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé, ajẹ́ǹtì ilé sáré dé. Ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi ni.

"Màmá, ẹ gbọ́," ló wí. "Kò sóhun tó ṣe ilé yìí. Ẹ̀rù ló wà lára ẹ̀. A máa fọ̀ ọ́ kúrò."

Ó kun géètì lọ́dà tuntun. Ó lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá onígbàjámọ̀ sọ̀rọ̀, ó bá oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì fẹnu kò pé bí àlejò bá bi wọ́n, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbí rí. Kò ṣòro fún wọn. Ilé tàwọn náà wà fún títà, bí ẹnì kan bá sì rà, ẹlòmíì lè rà.

"Ó ku ọ̀kan," ni ajẹ́ǹtì wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aṣọ dúdú tí ìyàwó yẹn ń wọ̀. Ẹni tó bá rí i á bèèrè ẹni tó kú. Ẹ bá a sọ ọ́."

"Èmi?"

"Ta ni kó sọ ọ́? Ṣé èmi tí mi ò bá a jẹun rí?"

Ìyá Àlejò lọ sẹ́yìnkùlé. Ó bá ìyàwó Sójà níbi tó ti ń fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọṣẹ bo apá ẹ̀ méjèèjì. Ó kí i kú iṣẹ́. Ó ní oòrùn mú lónìí. Ó bèèrè ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí kò sí nǹkan míì tó kù láti bèèrè, ó sọ ohun tó bá wá.

Ìyàwó Sójà fún aṣọ náà tán, ó sá a, ó fa etí ẹ̀ gún kó má baà hun jọ.

"Ọjọ́ kan péré ni, àbí?"

"Ọjọ́ kan péré, ọmọ mi."

"Tí wọ́n bá sì rà á, mo ṣì níṣẹ́ mi."

"Ìwọ àti èmi."

"Mo ní aṣọ aláwọ̀ ewé kan," ló wí. "Òun ló rà á fún mi. Màá wọ̀ ọ́."

Ìyá Àlejò ní ó ṣeun. Ó padà sínú ilé, ó wọ yàrá, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì fomi bọ́jú kí ajẹ́ǹtì má baà rí i.

Tọkọtaya náà bá ọkọ̀ ajẹ́ǹtì dé. Ọkọ ti gbó sí i, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyàwó ò yí padà, ẹ̀rín ẹ̀ ṣì ń ṣáájú ẹ̀ wọlé. Wọ́n dì mọ́ Ìyá Àlejò. Wọ́n wo yàrá, wọ́n wo òkè àjà, ọkọ fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní ilé yìí lágbára ju òun lọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ajẹ́ǹtì ń túmọ̀ ohun tí Ìyá Àlejò ò bá gbọ́ nínú èdè wọn. Ìwé ilé wà lórí tábìlì, bíírò wà lórí ìwé.

Ọkọ wo ọ̀nà géètì. "Ọ̀rẹ́ mi dà?"

Ajẹ́ǹtì ti ìwé sún mọ́ ọn.

"Sójà," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ kan iwájú orí bí ẹni tó ń kí ọ̀gá.

Òun àti Sójà ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta káàdì lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á máa pe ara wọn lólè, oníkálukú lédè tiẹ̀.

Ajẹ́ǹtì ló fèsì. "Ó lọ sábúlé. Ara ìyá ẹ̀ ni ò yá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé."

Ọkàn àlejò obìnrin balẹ̀, gbogbo wọn rí i lójú ẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Torí àwọn ọmọ wa ò fẹ́ ká rà á. Ìròyìn yẹn ti já wọn láyà. Wọ́n ní a fẹ́ lọ kú síbi tí wọ́n ti ń pa èèyàn. Mo ní ẹ fi wá sílẹ̀, Sójà wà ní géètì wa."

Ìyá Àlejò di apá àga mú.

Ọkọ ti na ọwọ́ sínú àpò tó gbé wá. Ó mú páálí kan jáde, ó ṣí i. Bàtà awọ ni, dúdú, ó ń dán, ó sì tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ Sójà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú náà, sálúbàtà ló máa ń fà kiri, gìgísẹ̀ ẹ̀ á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ọkọ ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé, ó fi bíírò fa ìlà yí i ká, Sójà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọdé tí wọ́n ń gé léèékánná. Bàbá àgbà náà ò gbàgbé. Ó gbé ìwé yẹn lọ bá oníbàtà nílùú ẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyàwó Sójà gbé omi tútù dé, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé.

"Ìyàwó ẹ̀ nìyí!" ni àlejò obìnrin kígbe. Ó gba omi lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé páálí lé e lọ́wọ́. "Bá wa fún un tó bá dé."

Ajẹ́ǹtì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó Sójà wo bàtà. Ó wo Ìyá Àlejò. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ̀ á ní inú ẹ̀ dùn.

"Ó máa dúpẹ́ gan-an," ló wí.

"Bá mi bi í bóyá á gba ẹsẹ̀ ẹ̀," ni ọkọ sọ fún ajẹ́ǹtì.

"Á gbà á," ni ìyàwó Sójà dáhùn. "Kò ní fún un lẹ́sẹ̀ rárá."

Ohun tó ṣe Ìyá Àlejò lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ò rí i ṣàlàyé dòní. Ó rí ọwọ́ obìnrin yẹn lára páálí, ọwọ́ tó wẹ òkú ọkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Sójà ti kú."

"Màmá!" ni ajẹ́ǹtì pariwo.

"Ó ti kú. Ẹnu géètì yìí ni wọ́n ti pa á. Òun ni wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n." Èdè wọn ló fi sọ ọ́, bó ṣe mọ ọ́n sọ mọ, kò dúró de ẹni tó máa túmọ̀.

Àlejò ọkùnrin dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ìyàwó ẹ̀ ń wo Ìyá Àlejò bí ìgbà tó ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Mo pè yín," ló wí. "Mo bi yín léèrè."

"Ẹ dákun."

"Ẹ ní ó jìnnà."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kò léwu níbí, mo fi ọmọ mi búra, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni..."

Ta ló máa gbà á gbọ́ báyìí? Ẹnu tó ní ó jìnnà náà ló ń sọ pé kò léwu. Àlejò obìnrin dìde, ó lọ dì mọ́ ìyàwó Sójà tòun ti páálí lọ́wọ́, ó sunkún sí i léjìká. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì ẹ̀, ó fa ọkọ ẹ̀ dìde, wọ́n wọ ọkọ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò sì sọ pé àwọn ń bọ̀. Ajẹ́ǹtì kó ìwé orí tábìlì.

"Ẹ ti ba gbogbo títì yìí jẹ́, Màmá," ló wí, ó sì wakọ̀ lọ.

Onígbàjámọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ pòṣé, ó wọlé.

Ó wá ku àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyá Àlejò na ọwọ́ pé kóun gbá ìyàwó Sójà mọ́ra. Ọkàn ẹ̀ sọ fún un, ẹ gbà mí gbọ́, pé obìnrin náà máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyàwó Sójà sún sẹ́yìn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ ọ́?"

"Ojú mi ò gbà á, ọmọ mi. Kí o máa gba bàtà ọkọ rẹ tó ti kú, kí o máa rẹ́rìn-ín..."

"Èmi ni mo gba bàtà, Màmá. Ẹ̀yin kọ́. Mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo pa irọ́ tèmi tán. Mo ti gbé e mì. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ síwèé."

"Wọ́n á padà mọ̀, bó pẹ́ bó yá."

"Kó pẹ́ nígbà yẹn. Àwọn ọmọ mi ì bá ti máa jẹun."

Ìyá Àlejò ti rò pé nítorí obìnrin yìí lòun ṣe sọ̀rọ̀. Ó wá ń wò ó báyìí, ìtìjú bò ó, torí ó rí i pé òun ni ara òun ò lè gbà á, òun ló wá ìtura, ó sì ti rí i.

"Ẹ̀yin ní ọmọ tẹ́ ẹ máa lọ bá," ni ìyàwó Sójà wí. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀ ló fi ń sọ ọ́. "Sójà ti kú, mo mọ̀, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àwa ò tíì kú, Màmá. Àwa tá ò tíì kú yìí, kí la ṣe fún yín?"