Ìwọ́ Ọmọ Ìjàpá

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹyin ìjàpá Mùlíkàt bẹ̀rẹ̀ sí í pa nínú bokítì yanrìn tó gbé sí ẹ̀yìn ilé ní Lugbe. Latifah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Bó ṣe sáré wọlé, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, yanrìn yẹn ń mí."

Mùlíkàt ju aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó di ọjọ́ márùndínláàádọ́rùn-ún tí ìjàpá náà ti yé ẹyin márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bokítì náà lọ. Òun nìkan ló gbé e wọlé, ìbàdí sì ro ó fún ọjọ́ mẹ́fà.

Orí kan yọ, kò ju ẹ̀wà lọ. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, mẹ́rin ti jáde, wọ́n ń gun ara wọn lórí bí èrò tó ń du ọkọ̀ Kuje. Mùlíkàt rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nehemiah, akọ̀wé ìjọba tó ń gbé yàrá kejì, gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì, táì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mùlíkàt ló ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo àdúgbò. Ó ti tọ́jú ìwọ́ ọmọ mẹ́tàlélógójì, kò sì sí èyí tó kẹ̀ rí. Ó yí ọmọ ìjàpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó fi etí aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ wọ́n níkùn. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Ìgbà tó di aago mọ́kànlá ni ìkarùn-ún jáde. Òun ló kéré jù, òun ló sì yára jù. Àpò kan tó pupa bí inú ẹyin, tó sì tó ẹ̀pà kan, so mọ́ ọn níkùn, ó ń wọ́ ọ kiri. Lójú ẹsẹ̀ ni Latifah ní tòun nìyẹn.

Nehemiah sọ pé oúnjẹ inú ẹyin ló kù nínú àpò náà, yóò wọlé fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tẹ́ òwú tútù fún un, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sin ìjàpá ní Galadimawa.

"Nehemiah, ọmọ mélòó lo ti wẹ̀ rí?"

"Kò sí, mà."

"Ìwọ́ tí a ò bá tọ́jú, ó ń pa ọmọ. Máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, wọ́n ti ń gba ọrẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Nehemiah náà rẹ́rìn-ín. Latifah rọra béèrè pé ṣé kò ní dùn ún. Mùlíkàt ní rárá, kó lè dàgbà fún un ni.

Ó fi etí aṣọ gbígbóná náà tẹ àpò náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àpò náà bẹ́, omi kan tó ki sì rin àtàǹpàkò rẹ̀. Ọmọ ìjàpá náà na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nehemiah sáré lọ mú òwú wá, wọ́n sì tẹ́ ọmọ ìjàpá náà lé e lórí nínú abọ́.

Ó kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ìjàpá mẹ́rin ló kù. Èyí tí Latifah yàn kò sí nínú wọn.