Nígbà Tí Agbára Pọ̀ Jù Nínú Eré Aránṣọ

Ní ọ̀sán Sátidé, aránṣọ máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Á gbá àjákù aṣọ kúrò lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àwọn mẹ́ta á sì jókòó yí i ká: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Wẹ́dà tó ń jó irin ní òpópónà kejì, àti Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Eré ìtàn ni wọ́n ń ṣe. Oníkálukú ti fọkàn dá ẹnì kan, ó ti kọ agbára àti ohun ìjà rẹ̀ sórí ìwé. Aránṣọ á sọ ohun tó dé bá wọn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì tí wọ́n bá jù á sọ bóyá ó bọ́ sí i: nọ́ńbà ńlá ló dára, oókan ló burú jù.

Ọdún méjì ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wá. Jagunjagun Wẹ́dà ti ní idà tó ń la àpáta. Oṣó Tíṣà ń fò bí àṣá. Nọ́ọ̀sì yan oníṣègùn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wò? Kò sẹ́ni tó ń fara gbọgbẹ́ mọ́. Ọ̀tá tí aránṣọ bá fi odindi ọ̀sẹ̀ ronú sí, Wẹ́dà á ju dáìsì lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀tá á di òkú.

Nígbà tó sú aránṣọ, ó gbé ejò olórí méje wá, ó sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ejò náà bu jagunjagun Wẹ́dà jẹ, jagunjagun ò mì. Ìrù rẹ̀ kan oníṣègùn, ó nà gbọnrangandan.

Nọ́ọ̀sì rọra ká ìwé rẹ̀ sí méjì.

"Àbúrò mi, mi ò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Dáìsì ló fà á."

"Kì í ṣe dáìsì. Wẹ́dà lo wọ̀n, o wá gbé ẹ̀wù ẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Ṣé bó o ṣe ń ránṣọ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe ń gán bọ́tìnnì, ó pinnu pé òun máa rán olè kan nínú ìtàn sí idà yẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ja ọ̀rẹ́ rẹ̀ lólè láìsọ fún un, ló bá gba ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà lọ. Wẹ́dà gbé ìbòjú rẹ̀ sókè, ó gbọ́ ọ tán.

"Ọdún méjì ni mo fi wá idà yẹn," ló wá sọ. "Láti àárọ̀, 'Wẹ́dà, géètì mi dà?' ni gbogbo ẹni tó wọlé ń wí. Inú ìtàn ẹ nìkan ni wọ́n ti ń ṣí fìlà fún mi. O fẹ́ gbà á?"

Ojú ti aránṣọ. Bó ṣe ń padà lọ, ó yé e pé agbára wọn kọ́ ló ṣẹ̀. Ìjà nìkan lòun mọ̀ ọ́n gbé ka iwájú wọn. Ó yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́, kò ṣèlérí.

Ó wá. Ní Sátidé yẹn, kò sí ọ̀tá kankan nínú ìtàn. Odò ló kún, afárá ń yẹ̀, àwọn ará abúlé wà lórí rẹ̀ tẹrù tẹrù. Nínú ahéré kan lẹ́bàá odò, ìyá arúgbó kan wà lórí àìsàn. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà tó bọ́ sórí òkè, níbi tí omi ò lè dé, kò sì fẹ́ rí ẹni tó gbé ohun ìjà.

Wẹ́dà wo ìwé rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ gé níbí?"

"Ìwọ ni kó o sọ."

Wẹ́dà ní jagunjagun òun ki èjìká bọ abẹ́ afárá. Tíṣà ń fò lọ fò bọ̀, ó ń gbé àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì jókòó ti arúgbó náà, ó ń bi í níbi tó ti ń dùn ún, bó ṣe ń bi àwọn aláìsàn rẹ̀ gan-an. Aránṣọ sọ ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín, ó ń dáhùn bí arúgbó.

Nígbà kẹta tí Wẹ́dà ju dáìsì, oókan ló já sí. Èjìká rẹ̀ yẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló ní, "ẹ gbà mí."

Bí nọ́ọ̀sì bá dìde, arúgbó lè pa ẹnu dé. Bí kò bá dìde, afárá á wó. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe arúgbó.

"Màmá, ṣé ẹ lè fara tì mí dé etí odò? Ẹ máa júwe ọ̀nà náà fún mi bá a ṣe ń lọ."

Ó ju dáìsì. Ó bọ́ sí i: arúgbó fara tì í, ó ń júwe ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ. Oníṣègùn ti èjìká náà padà sípò, afárá sì dúró títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Ẹrù wọn nìkan ni odò gbé lọ.

Wẹ́dà mí kanlẹ̀. "Ṣé màá lè gbé idà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," nọ́ọ̀sì dáhùn, ó ń kọ ọ́ sórí ìwé Wẹ́dà fúnra rẹ̀. "Má sì fi apá yẹn sùn."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ni Wẹ́dà wí.