Ápù Tí Bàbá Bọ́dúndé Kì Í Jẹ

Ẹ bá mi wo Bàbá Bọ́dúndé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó wọ búbá àti ṣòkòtò tó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ títí tó fi dúró gbọingbọin, ó da lọ́fíńdà sára, ó gbé àpò ápù kọ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ṣómólú lọ sí Ìlàjẹ ní Bàrígà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ sì ti kúrò nílé. Ilé wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Sabina, opó kan tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà, ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn méjèèjì fẹ́ra, Sabina sì ti ṣèlérí pé ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an lòun máa fèsì.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá nìyẹn. Gbogbo ayé ló ń ṣèlérí oríṣiríṣi; ti Bàbá Bọ́dúndé ò ju ápù lọ. Ó ti gbọ́ tí dókítà kan ń sọ lórí rédíò pé ápù dára fún ọkàn, pé ó ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́ geere, pé kéèyàn má tilẹ̀ bó èèpo rẹ̀ dànù, nítorí oore pọ̀ níbẹ̀. Bàbá bá sọ ọ́ di ìwàásù. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ Sabina, á na ápù sí i, á ní, "Ìyá Dọlápọ̀, ẹ jẹ ẹ́ teèpo-teèpo o! Ọkàn yín á máa lù bíi ti ọmọge." Bó bá tún padà wá, á wò ó láti òkè délẹ̀, á mi orí. "Ẹ ò rí i? Ara yín ti ń dán! Ápù ti ń ṣiṣẹ́!" Sabina á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n òun alára, kò jẹ ẹyọ kan rí. Kí ló dé? Àṣírí ń bẹ lẹ́nu bàbá. Gbogbo eyín òkè iwájú tó funfun báláú yẹn, àfisí ni. Ẹni tó bá a ṣe é ní Onípanu ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi gé ohun líle. Ẹ̀rù sì ń bà á pé bí Sabina bá mọ̀, á ní kí arúgbó lọ sinmi sílé ara rẹ̀. Nítorí náà, bí Sabina bá ní káwọn jọ jẹ, á ní òun yó. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní òun ń gbààwẹ̀. Irọ́ ńlá lórí èso kékeré!

Ohun tó tún ń múnú rẹ̀ dùn ni ewúrẹ́ Sabina. Bí ẹran náà bá ti rí i, á sáré wá pàdé rẹ̀, á máa forí ta á nítan, á sì sìn ín dé ojú títì nígbà tó bá ń lọ. "Ẹranko mọ èèyàn rere," ni bàbá máa ń sọ fún ara rẹ̀. Àṣé!

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ewúrẹ́ tún sìn ín wọlé. Bàbá bá Sabina àti Rebecca, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níjòkòó, ojú Rebecca le koko. Bàbá gbé ápù kalẹ̀, ó la ẹnu láti wàásù.

"Ẹ dákẹ́ ná, Bàbá Bọ́dúndé," ni Rebecca wí. "Ẹ tọ́ ọ wò ká rí i."

"Háà, ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o."

"Ẹni tó gbé nǹkan wá fúnni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ la bá a láyé. Ẹ̀yin ń gbé e wá, ẹ ń gbé e wá, ẹ ò fẹnu kàn án rí. Kí lẹ fi sínú ẹ̀?"

"Fi sínú ẹ̀ kẹ̀? Ápù?"

"Ẹ má bínú," ni Sabina fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Kò lè wojú bàbá. "Ẹ̀rù ló bà mí. N ò jẹ ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ewúrẹ́ ni mò ń fún."

Bàbá Bọ́dúndé rántí gbogbo "ara yín ti ń dán" tó ti sọ, ojú tì í. Ó wo ewúrẹ́. Lóòótọ́, ara ewúrẹ́ ń dán.

"Ẹ wò ó!" Rebecca nàka sí ẹran náà. "Látìgbà tó ti ń jẹ ápù yín, ara ẹ̀ ò balẹ̀ bí kò bá rí yín. Ó ń tẹ̀ lé yín kiri bí ìyàwó tuntun. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ oògùn ìfẹ́, kí ni? Àbí Sabina lẹ fẹ́ kó máa ké mẹ̀ẹ́-mẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé yín lọ sí Ṣómólú?"

"Òórùn ápù inú àpò mi ló ń gbọ́!"

"Ẹ jẹ ẹ́, ká gbà yín gbọ́."

Bàbá wo ápù náà. Bí kò bá jẹ ẹ́, olóògùn ni. Bó bá jẹ ẹ́, aláìléyín ni. Ó wo Sabina, ó rí omi tó lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé obìnrin náà ń gbàdúrà nínú pé kí òun jẹ ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó dijú, ó gbé ápù sẹ́nu, ó bù ú jẹ wàmù.

Nígbà tó fa ọwọ́ kúrò, ápù bá ọwọ́ jáde, eyín sì bá ápù jáde. Wọ́n tò sára èso pupa náà, funfun báláú.

"Jésù!" Rebecca fò dìde lórí àga. Ewúrẹ́ pàápàá sún sẹ́yìn. Bàbá jókòó síbẹ̀, ètè rẹ̀ ti wọnú lọ, kò mọ ibi tó máa wò.

"Ìdí tí n ò fi ń jẹ ẹ́ nìyẹn," ló rọra sọ. "Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa ní mo ti darúgbó jù."

Sabina bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dinú mú, ó fi etí ìró nu ojú. Ó gba ápù lọ́wọ́ bàbá, ó yọ eyín náà jẹ́jẹ́, ó fomi ṣàn án, ó gbé e lé àwo fún un. Lẹ́yìn náà ló mú irin tó fi ń rin ilá, ó rin ápù ọ̀hún teèpo-teèpo sínú abọ́, ó mú ṣíbí méjì wá.

"Ọkọ mi tó kú fi ìyàwó méjì pamọ́ fún mi," ló wí. "Ọjọ́ tí a sin ín ni mo tó mọ̀. Ẹ̀yin, eyín lásán lẹ fi pamọ́. Ẹ tọ́ ọ wò, ọkọ mi, kí n lè jẹ tèmi."

Bàbá bù ú, ó gbé e mì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Sabina náà bu tirẹ̀. Rebecca wò wọ́n títí, ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹran náà ti ń ké.

"Ó dáa náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ewúrẹ́ pé wọ́n ti gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀?"