Kóríko Orí Pèpéle

Láti ọjọ́ tí Sẹ̀kínátù ti dé Àbújá ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Láníyì, àkọ́bí rẹ̀, ló lọ gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìṣílé ilé tuntun tí ó kọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ní Asokoro. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀, ó sì ní ilé ò ṣeé ṣí láìsí ìyá onílé níbẹ̀. Ó dáa, ìyá onílé dé. Ilé ńkọ́? Wọ́n ní ó ku ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ń jókòó síta lójoojúmọ́, tó ń wo àwọn lébìrà tí ń fi òkúta sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà di pèpéle mẹ́ta.

Rísíkàt, àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbà á lọ́kàn. Ojú Rísíkàt ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àlímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ta aṣọ ní ọjà Gáàkì l'Àbújá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ó sì jíṣẹ́ Rísíkàt fún un pé, "Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní òjìji nìkan làwọn ń rí báyìí, àwọn sì fẹ́ rí yín kó tó di pé àwọn ò rí nǹkan kan mọ́."

Sẹ̀kínátù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù," ni Láníyì wí. "Tí ọgbà bá ti parí, tí a ṣílé, èmi fúnra mi ni mo máa gbé yín lọ."

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ọgbà ń parí? Ó lọ bi Bámiṣayọ̀, ọmọ Kàbbà tí ó ya àwòrán ọgbà náà.

"Màmá, ó ti parí tán," ni Bámiṣayọ̀ wí. "Ó kàn ku ìmọ́tótó díẹ̀."

Ìmọ́tótó! Sẹ̀kínátù wo pèpéle lókè wo ìsàlẹ̀, kóríko ti hù bò ó. Nílé tiwọn, ahoro ni kóríko ń hù sí lójúde. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbálẹ̀ níwájú ilé ọkọ rẹ̀, kóríko kan kò yọjú rí. Àṣé nǹkan tó ń dá òun dúró ò ju èyí lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lébìrà ò wá, Láníyì sì wà ní Kàdúná. Ìyá ró ìró rẹ̀ dáadáa, ó mú ọkọ́. Kóríko náà rọrùn láti tu, kò tíì ta gbòǹgbò lọ títí. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, pèpéle mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ́ tónítóní, ó ti gbá wọn, ó ti kó kóríko jọ sẹ́bàá géètì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ti di ẹrù rẹ̀ kí ó tó sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Láníyì dé pẹ̀lú Bámiṣayọ̀.

"Mo ti bá yín parí ẹ̀," ni ìyá wí.

Láníyì ká ọwọ́ lérí. Bámiṣayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó jẹ́ kó dà nù.

"Ọ̀gá, kóríko ọgbà tí a gbìn ni Màmá tu yìí, òjò sì ti lọ. Èyí tí a bá tún gbìn báyìí ò ní mú. Ó di òjò ọdún tó ń bọ̀."

"Ìyẹn ni pé ìṣílé di ọdún tó ń bọ̀," ni Láníyì wí. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jà?

Sẹ̀kínátù jókòó sórí òkúta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó dun ún débi pé kò lè sunkún.

"Òjò á dé, kóríko á hù," ni ó wí. "Ojú Rísíkàt ńkọ́, Láníyì?"

 Láníyì wọlé, ó gbé ẹrù ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò. Wọ́n gba ọ̀nà Gwagwalada, wọ́n kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹnu ọ̀nà ilé Rísíkàt ni wọ́n ti bá a, ó ń fi ọwọ́ táràrà pa ẹ̀gúsí. Sẹ̀kínátù dúró níwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó ń retí kí ó rí òun.

Rísíkàt gbójú sókè sí ìró ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá bá?"

Láníyì tí ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò fojú sí.