Ẹ̀wù Ọmọbìnrin Tó Gun Odi

Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í gé aṣọ láìmọ ohun tí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ń ṣe. Aṣọ aláàárù kọ́ ni aṣọ akọ̀wé. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ní kí n rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí wọ́n máa fi ya fọ́tò èèpo ìwé tí ọmọ mi obìnrin kọ, mo kọ́kọ́ jókòó ti máṣíìnì mi, mo fi awò sójú, mo sì ka ìwé náà tán.

Ìlú kan ni ọmọ mi kọ nípa rẹ̀, níbi tí ìjọba ti mọ odi yí àwọn èèyàn ká, tí wọ́n ń fi ṣíbí wọn omi fún wọn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan ló gun odi náà. Ó pọn ọmọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́ láti etí odò dé ẹnubodè. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí kò yé mi. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà ò mọ̀ pé òun rẹwà, àfìgbà tí ọmọkùnrin náà sọ fún un. Ṣé dígí náà ti tán nílùú ni? Ọmọkùnrin kejì tún yọjú, ni àwọn méjèèjì bá ń jà nítorí ọmọbìnrin náà nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti dórí odi. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

“Ta ló ń ṣọ́ odi nígbà tí wọ́n ń jà?” ni mo bi ọmọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. “Màmá, Alátúnṣe ló ní kí n fi ọmọkùnrin kejì sí i. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ò ní rà á bí kò bá sí i.”

Alátúnṣe ni orúkọ tí a sọ ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé náà, torí kò ní gbólóhùn méjì ju “ẹ jẹ́ ká tún un ṣe díẹ̀” lọ. Òun náà ló fi ìwọ̀n aṣọ ránṣẹ́: ìbàdí íǹṣì méjìlélógún, èjìká mẹ́tàlá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kò ju mẹ́tàlá lọ kò lè pọn géńdé dé ìta ṣọ́ọ̀bù mi, ká má tíì sọ ti ẹnubodè. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Mo gé ẹ̀wù náà ní èjìká mẹ́tàdínlógún, mo fi àpò mẹ́rin sí i, mo sì lẹ aṣọ mọ́ àárín ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kó má baà ya bó bá ń gun odi.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alátúnṣe dé. Ó na ẹ̀wù náà sókè.

“Màmá, aṣọ ta rèé? Ti awakọ̀ ẹrù ni?”

“Ti ọmọbìnrin inú ìwé yín ni.”

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe díẹ̀. Ẹ dín ìbàdí rẹ̀ kù, kí ẹ sì ṣí ọrùn rẹ̀ sílẹ̀.”

“Ṣé ẹ ti ka ìwé náà débi odi?”

“Èèpo ìwé làwọn èèyàn ń kọ́kọ́ rí, Màmá. Ọ̀la la máa ya fọ́tò. Bí aṣọ ò bá tíì ṣe tán, ìwé á di ọdún tó ń bọ̀. Bóyá.”

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ mi fi kọ ìwé yẹn, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù.”

Inú bí mi. Mo ti àlùmọ́gàjí síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. “Gé e fúnra ẹ. Ọwọ́ tèmi ò ní ṣe é.”

Kò mú un. Ó ń fọwọ́ tọ ojú rírán èjìká ẹ̀wù náà. “Ta lẹ wọ̀n tẹ́ ẹ fi gé e?”

Mo wá irọ́ tí màá pa, mi ò rí. “Ìwọ ni. Níbi tó ti pọn ọmọkùnrin yẹn, mo rántí ọjọ́ tẹ́sẹ̀ mi kán, tó o pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀ láti òkè ilé. Mo ṣe bí ìwọ lo kọ sínú ìwé ni.”

Ó fa ẹ̀wù náà mọ́ra, ó ní, “Èmi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ó ga, ó sanra, ó lápá. Alátúnṣe ní ọmọkùnrin wo ló máa jà nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ni mo bá yọ ara mi kúrò.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹsẹ̀ tó kán lọ.

Ọmọ mi wọ ẹ̀wù náà lé aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó bá a mu wẹ́kú. Ló bá gbé fóònù, ó pe Alátúnṣe.

“Ẹ káàsán, sà. Aṣọ náà ò ní dín kù. Ẹ wá ẹni tó máa bá mu. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, èmi fúnra mi á wọ̀ ọ́.”

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọmọ mi ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ kejì di etí tábìlì mú.

“Ó dáa, sà,” ló wí níkẹyìn. “Ẹ dá ìwé mi padà fún mi.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kó pe ọkùnrin náà padà. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, àwa méjèèjì jọ sunkún, inú mi sì ń dùn lábẹ́ ẹkún náà.