Ìrù Ọkọ̀ Òfurufú Kọ́lápọ̀

Bí ẹ bá gbé mọ́tò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha dé ọ̀dọ̀ Afọlábí ní Ìkọ̀lé, kò ní í bi yín ní orúkọ àwọ̀ rẹ̀. Á wò ó, á da ọ̀dà sínú agolo mílíìkì, á fi igi rò ó, á kán díẹ̀ sí èékánná wò, ó parí. Ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ ju bó ṣe mọ àwọn àna rẹ̀ lọ. Ìgbéraga ọ̀hún náà ló kó o sí wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá Kọ́lápọ̀ gun ọ̀kadà wá láti Òkè-Àkò. "O kú uṣẹ́ o," ló wí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì tú gèlè kan. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló wà nínú rẹ̀, igi fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kọ́lápọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbẹ́ ẹ nígbà tó wà ní yunifásítì. Ìrù nìkan ló rí kùn kí àìsàn tó mú un lọ. Fúnra rẹ̀ ló po ọ̀dà náà, kò sì sọ ohun tó pò mọ́ra fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ náà dà bí aró tí wọ́n bu omi là lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọjọ́ Àìkú la ó ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ rí bí ìrù yìí. Bí kò bá ṣeé ṣe, wí fún mi, n óò gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ti nǹkan kékeré yìí náà ni?"

Ha, Afọlábí! Ẹnu!

Ó pò ó lẹ́ẹ̀kíní lójú Màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣókùnkùn jù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ́ jù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ní eruku ló bo àwọ̀ gidi. Gbogbo mọ́tò tó bá dé, àkísà tó rin fún tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà ló kọ́kọ́ fi ń nù ún. Ọwọ́ tó ti ṣe é fún ogún ọdún kò dúró bi ọpọlọ léèrè. Ó nu ìrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀dà mọ́tò kì í bẹ̀rù tínà. Ti Kọ́lápọ̀ kì í ṣe ọ̀dà mọ́tò. Ó bá àkísà lọ ráúráú, igi funfun yọ síta.

"Yé! Mo gbé!"

Ó dijú, ó ń wá àwọ̀ náà lọ́kàn. Agolo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò nìkan ló ń rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú Màmá.

"Màmá, ẹ lù mí."

Màmá kò lù ú. Ì bá sàn fún un ká ní ó lù ú.

"Nígbà tó kú, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Afọlábí. Agbè wo?" Ó nawọ́ gba àkísà náà. "Ṣé ó ṣeé fún jáde?"

"Kò ṣeé fún, Màmá. Ọ̀dà àná àti ti ìjẹta wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀."

"Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

Afọlábí wo àkísà náà títí. Kò mọ̀. Ó fi ìka tọ́ka síbì kan.

Màmá fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀, ó ká àkísà náà mọ́ ọn, ó dìde, ó mú un lọ, ó fi ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.