Ọrùn-ọwọ́ Zulaykha

Ẹsẹ̀ Zulaykha ti wé mọ́ ìbàdí ẹlòmíràn nígbà tí Ramlah dé ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, tí òjò Warri tí kì í kí ènìyàn kó tó rọ̀ ń kán ní etí híjáàbù rẹ̀. Ó dúró. Àwọn méjèèjì ń yí lórí ẹní rọ́bà bí ẹni pé egungun kò sí lára wọn: èyí gòkè, tọ̀hún gbà á, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Zulaykha ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni Ramlah ti ń bá a yí lórí ẹní yìí, kò sì rántí ọjọ́ kan tí Zulaykha rẹ́rìn-ín.

Rebecca ni ẹni náà, ọmọ Ìlàjẹ tí àwọn òbí rẹ̀ ń pẹja létí odò, tí kò tíì lo oṣù méjì láàárín wọn.

Òkè ilé kan ní Jakpa Road ni wọ́n ti ń kọ́ jùjítsù, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti àwọn obìnrin nìkan. Wọn a ti ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní fúlóò ni Ramlah fẹ́ràn jù: ẹni méjì á máa yí ara wọn ká, èyí á dì mú, tọ̀hún á yọ, òun náà á sì dì mú. Kò sí agbára níbẹ̀, kò sí ẹni tó borí. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin láti Sapele ń bọ̀ wá wòran, ẹni méjì péré sì ni Àǹtí Yéjídé, olùkọ́ wọn, yóò mú síwájú. Ramlah ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun àti Zulaykha ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ilé kéwú kan náà ní Okere ni wọ́n ti jọ gbé wàláà lérí ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ kò gba ẹlẹ́ẹ̀ta. Ẹlẹ́jì ni ọ̀rẹ́ gbà.

Ó pààrọ̀ aṣọ, ó jókòó ti ògiri, ó ń wá àbùkù. Ẹsẹ̀ Rebecca ti gùn jù. Òórùn ẹja kò ní ṣàì wà lára aṣọ rẹ̀.

Àǹtí Yéjídé pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹnìkejì, kí Ramlah bọ́ síwájú Rebecca.

Ohun tí Ramlah ń wá gan-an nìyẹn. Ó gbá ọrùn-ọwọ́ ọmọ náà mú. Lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ irú ìdìmú bẹ́ẹ̀, láti inú ìsọ̀ aṣọ: a na ọwọ́ jáde, a di oníbàárà mú, a máa pọ́n ọn lé, a máa bá a ṣàwàdà, ṣùgbọ́n a kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rà. Oníbàárà tí o bá fi sílẹ̀, ti ìsọ̀ kejì ni, ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Ramlah fún ọwọ́ náà pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀, títí kan èyí kékeré tó ti wọ́ láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ ti há a. Ó ń retí kí Rebecca já ara rẹ̀ gbà, kí gbogbo ilé rí i pé kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Rebecca kò já nǹkan kan gbà. Ibi tí Ramlah bá fà á sí ló ń bá a lọ, bí ẹni méjì nínú ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀kan sún, tí èkejì sì sún. Ramlah rọ́ lù ú, àyè ló bá. Ó tún fà á, ara rẹ̀ ló fà ṣubú.

"Ramlah, free the hand," ni Àǹtí Yéjídé wí. "Here no be Okere market. She no dey buy lace."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Rebecca kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ. Yóò padà wá bá yín."

"Who teach you that one?" ni Ramlah bi í.

"Àǹtí Zulaykha ni. Wọ́n ní ọwọ́ yín ni àwọn fi kọ́ ọ."

Ramlah wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Zulaykha ti ká apá aṣọ sókè, ó ń mu omi. Àmì ìka mẹ́rin wà ní ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, ó ti dúdú. Èyí tó kéré jù nínú wọn wọ́. Ramlah rántí bí Zulaykha ṣe máa ń rọra da omi sí ọwọ́ yẹn bí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Ìfọkànsìn ni òun pè é.

Nígbà tí Àǹtí Yéjídé pe àwọn ti Sátidé, Zulaykha àti Rebecca ni.  Ramlah gbé bàtà rẹ̀, ó tẹ̀lé Zulaykha sọ̀kalẹ̀.

Nísàlẹ̀, òjò ti dá. Bí wọ́n bá fẹ́ sọdá Jakpa Road, Ramlah ló máa ń di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀; ó dá ọwọ́ náà dúró láàárín òun àti Zulaykha, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ Zulaykha tó bọ́ sínú tirẹ̀, ó tutù.

Ramlah kò dì í mú.